Ọwọ́ Tó Kan Etí: Bí Ìdílé Ṣe Ń Pín Iṣẹ́ àti Owó Láàrin Wa

Ẹ̀yin ọmọ Erijiyan tó wà nílé, ẹ̀yin tó wà ní Adó, Ìbàdàn, Èkó àti Àbújá, àti ẹ̀yin tó wà lókè òkun tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn wa lórí fóònù, wọ́n ní kí èmi olùdarí ẹ̀ka ọ̀dọ́ kọ ìtàn lóṣù yìí. Mo mọ̀ pé ìtàn ọba tàbí ìtàn ogun ni púpọ̀ nínú yín ń retí. Ẹ má bínú, ìtàn ọwọ́ àti etí ni mo mú wá.

Ẹ̀yin àgbà mọ̀ ọ́n. Láyé ijọ́un, kò sí ìwé ọjọ́ ìbí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá fẹ́ gba ọmọ sí kíláàsì kìíní, tíṣà á ní kó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gba orí kọjá, kó fi kan etí òsì. Bí ọwọ́ bá kan etí, ó ti tó ilé ìwé lọ nìyẹn. Bí kò bá kàn án, kó padà sílé lọ jẹ iyán sí i.

Bàbá mi àgbà na ọwọ́ tiẹ̀ ní January 1955, ọwọ́ sì kan etí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí mò ń pè ní màmá àgbà, ti tó ọmọ ọdún méjìlá nígbà yẹn. Ọwọ́ tiẹ̀ ti kan etí tipẹ́tipẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tó kàn án, owó ni wọ́n fi ń lọ ilé ìwé, kò sì sí owó. Bàbá kan náà, ìyá kan náà, agbo ilé kan náà, oko kòkó kan náà. Nǹkan bí ọdún mẹ́fà ló wà láàrin àwọn méjèèjì. Bàbá àgbà lọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó lọ modern school, ó lọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ó di tíṣà, ó fẹ̀yìn tì, ìjọba ń san owó ìfẹ̀yìntì fún un (nígbà tó bá wù wọ́n láti san án). Màmá àgbà ru kòkó títí wọ́n fi fà á fọ́kọ, ó sì ń ru kòkó lọ nílé ọkọ.

Èmi jẹ́ ọmọ ọmọ tíṣà. Màmá àgbà náà ní ọmọ ọmọ kan tó jẹ́ ojúgbà mi. Ẹ jẹ́ kí n fi òun sílẹ̀ ná, mo ṣì ń padà bọ̀ sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Mo máa ń rẹ́rìn-ín bí ẹnì kan bá sọ pé láyé àtijọ́ gbogbo wa dọ́gba. Dọ́gba bíi báwo? Kí ilé ìwé tó dé, ìdílé ni ilé ìwé. Iṣẹ́ tí bàbá rẹ bá ń ṣe ni o máa ṣe, bí o bá sì jẹ́ obìnrin, ti ìyá rẹ. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ń fẹ ẹwìrì kó tó lè gbé òòlù. Ọmọ àyàn ń lu omele kó tó mọ orúkọ ara rẹ̀ dáadáa. Wọn kì í sì í jogún iṣẹ́ nìkan. Irinṣẹ́ wà níbẹ̀, oníbàárà wà níbẹ̀, orúkọ náà wà níbẹ̀.

Kò yẹ kí n mú yín lọ jìnnà. Ẹ wo Ẹ̀fọ̀n-Aláayè lẹ́bàá wa níbí. Agbo ilé Adéṣínà ní Ẹ̀fọ̀n lókìkí fún igi gbígbẹ́. Ibẹ̀ ni Agbonbiofe ti wá, ẹni tó kú ní 1945, tó gbẹ́ àwọn òpó ààfin Aláayè ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé díẹ̀ sẹ́yìn. Ọlọ́wẹ̀ tí ayé mọ̀ mọ́ Ìsẹ̀, Ẹ̀fọ̀n ni wọ́n bí òun náà sí kó tó lọ ṣiṣẹ́ fún Arínjalẹ̀ ní Ìsẹ̀. Ilẹ̀kùn tó gbẹ́ sí ààfin Ògògà ní Ìkéré ni àwọn òyìnbó gbé lọ síbi àfihàn ńlá wọn ní Wembley ní 1924, ó sì wà ní British Museum ní London títí di òní. Ọmọ tó bá dàgbà sí irú agbo ilé bẹ́ẹ̀ ń rí bí wọ́n ṣe ń di ọ̀bẹ mú láti kékeré. Bí ọmọ ilé kejì bá ní ọwọ́ ọnà jù ú lọ ńkọ́? Ta ló máa mọ̀? Ta ló máa fún un ní igi tó máa bà jẹ́ kó tó mọ̀ ọ́n gbẹ́?

Ní ìdàkejì, ọmọ wà tó jẹ́ pé gbèsè ni ìdílé fi lé e lọ́wọ́. Bàbá á yá owó, wọ́n á fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà, ọmọ á máa ṣiṣẹ́ lóko olówó. Iṣẹ́ yẹn kò dín gbèsè kù o, èlé owó ló dúró fún. Ọmọ kò jẹ gbèsè kankan, ṣùgbọ́n òun ló ń san án. Tí a bá ń sọ pé ipò òbí ló ń pinnu ohun tí ọmọ máa rí jẹ, èmi kò rí àpẹẹrẹ tó tún ṣe kedere ju ìwọ̀fà lọ.

Ohun tó kọ́kọ́ da gbogbo èyí rú ni ogun. Nígbà tí ogun Kírìjì parí, tí wọ́n tú ibùdó ká ní 1893, àwọn ọmọ Èkìtì tí ogun ti kó lẹ́rú bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé. Àwọn kan nínú wọn ti rí ìwé àti ìgbàgbọ́ ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta àti ní Èkó. Àwọn ni wọ́n mú un bọ̀. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ọ̀pọ̀ bàbá kò fẹ́ fi ọmọ tó lágbára lóko sílẹ̀ fún tíṣà. Ọmọ tí kò lè ro oko ni wọ́n ń fà kalẹ̀. Ẹ wò ó bí ayé ṣe ń ṣe. Ẹni tó ti ṣe ẹrú rí, àti ọmọ tí oko kò gbà, ni wọ́n wá di tíṣà, tí wọ́n di akọ̀wé, tí wọ́n ń gba owó oṣù nígbà tí àwọn ọmọ tí bàbá fẹ́ràn jù ṣì ń dúró de àsìkò kòkó.

Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ilẹ̀kùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í tì padà. Ìran kan péré ti tó. Ẹni tó di tíṣà rán ọmọ tiẹ̀ lọ ilé ìwé, ó mọ ìwé tó máa rà, ó mọ ìdánwò tó ń bọ̀. Nígbà tí Archdeacon Henry Dallimore dá Christ's School sílẹ̀ ní Adó ní 1933, ọ̀nà ńlá ló là fún Èkìtì, kò sẹ́ni tó lè jiyàn ìyẹn. Àmọ́ ọ̀nà ni, ẹni tó bá ní owó ọkọ̀ ló ń gbà á.

Ẹ gbọ́ ìtàn Ọ̀jọ̀gbọ́n J. F. Adé Àjàyí, onímọ̀ ìtàn tí gbogbo ayé mọ̀. Ìkọ̀lé-Èkìtì ni wọ́n bí i sí ní 1929. Bàbá rẹ̀ ń bá Ẹlẹ́kọ̀lé ṣiṣẹ́, ìyẹn ni pé inú ààfin gan-an ni bàbá rẹ̀ ń wọlé tó ń jáde. Ọ̀rẹ́ kan ló sọ fún un pé ilé ìwé kan wà ní Èkó tó ń jẹ́ Igbobi College. Ó gba ìdánwò, ó yege, owó Native Authority ti Ìkọ̀lé ni wọ́n sì fi rán an lọ. Láti ibẹ̀ ó dé Ìbàdàn, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n, ó ṣe ọ̀gá àgbà Yunifásítì Èkó láti 1972 sí 1978. Ọpọlọ rẹ̀ ni, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ ka àwọn nǹkan mìíràn tó wà nínú ìtàn náà: bàbá tó sún mọ́ ọba, ọ̀rẹ́ tó mọ̀, ìlú tó sanwó. Ọmọ mìíràn tó ní irú ọpọlọ kan náà ní oko kan lẹ́yìn Ìkọ̀lé, bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò bá gbọ́ orúkọ Igbobi rí, ọ̀rọ̀ parí.

Ẹ tún wo Òkè-Ìmẹ̀sí tí a jọ wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kan náà. Ẹbí Ọ̀ṣúntókun: Olóyè Oduọla, ẹ̀gbọ́n, di mínísítà ní Ìwọ̀-Oòrùn láyé Awólọ́wọ̀. Àbúrò rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé (1935 sí 1995), di oníṣègùn ọpọlọ ní Ìbàdàn. Òun ló ṣe iṣẹ́ ìwádìí ńlá lórí àìsàn ẹsẹ̀ àti ojú tó ń mú àwọn tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ tí wọn kò ṣe dáadáa. Àbúrò mìíràn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Jídé, di onímọ̀ ìtàn, ó sì ṣe aṣojú Nàìjíríà ní Jámánì. Mi ò sọ pé ẹ̀gbọ́n ló kọ ìdánwò fún àbúrò o. Olúkúlùkù ló kọ tiẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé nínú ilé tí ẹnì kan ti dé ibi kan, ibẹ̀ kì í tún jìnnà mọ́ lójú àwọn tó kù.

Ọmọ Bẹ̀nẹ̀ kan tiẹ̀ lọ wádìí èyí. Léonard Wantchékon, ọmọ Zagnanado, tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Princeton ní Amẹ́ríkà, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì, wọ́n padà sí àwọn abúlé tí òyìnbó kọ́kọ́ kọ́ ilé ìwé sí ní Dahomey, wọ́n tọpasẹ̀ àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ lọ, àwọn ọmọ wọn, àti àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wọn. Wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2015. Àwọn tó lọ ilé ìwé rí jẹ ju àwọn tí kò lọ, ìyẹn kò yà wá lẹ́nu. Àwọn ọmọ wọn náà rí jẹ. Èyí tó dùn mọ́ mi nínú ni pé ọmọ tí bàbá tiẹ̀ kò kàwé, ṣùgbọ́n tí àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kàwé, òun náà rí àǹfààní ńlá gbà. Àwọn òyìnbó tó ń kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí, bàbá àti ọmọ nìkan ni wọ́n sábà máa ń wò. Nílẹ̀ wa, ìdílé kọjá bàbá àti ọmọ. Ta ló rán bàbá ẹ lọ ilé ìwé? Ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa dárúkọ ẹ̀gbọ́n, tàbí àbúrò ìyá, tàbí ẹnì kan tó kúrò ní kíláàsì kí ẹlòmíràn lè dúró.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí 1955. Ní July 1952 ni S. O. Awókọ̀yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, gbé àbá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ kalẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù January 1955. Ọmọ 456,600 ló wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní 1954. Ní 1955, wọ́n di 811,432. Ọdún kan péré! Wọn kò rí tíṣà tó tó, wọn kò rí yàrá tó tó, àwọn tó rí i sọ fún wa pé abẹ́ igi ni wọ́n ti kọ́ ABD wọn. Kì í sì í ṣe gbogbo ènìyàn ló yọ̀ nígbà náà. Ìjọba gbé owó orí àkànṣe lé àwọn ènìyàn lórí nítorí ètò yìí, inú bí wọn, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀ sì fìdí rẹmi ní Ìwọ̀-Oòrùn níbi ìdìbò ìjọba àpapọ̀ ní 1954. Ẹ máa rántí èyí bí wọ́n bá ní ìlú fẹ́ràn rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní.

Níbo ni owó ti wá? Apá kan láti ara owó orí, apá ńlá láti ara kòkó. Marketing Board ló ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní iye tó kéré sí èyí tí wọ́n ń tà á lókè òkun, èlé tó kù sì ń lọ sápò ìjọba. Mo jókòó ti màmá àgbà lọ́dún tó kọjá, mo ṣàlàyé èyí fún un, pé kòkó tó ń rù láti oko wá sílé, nínú rẹ̀ ni wọ́n ti yọ owó tí wọ́n fi kọ́ ilé ìwé àbúrò rẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ùwé rẹ̀ kọ́ mi dún. Ọmọ mi ni ó dùn mí pé kò rí i." Ó tún ní òun máa ń dúró lẹ́yìn fèrèsé kíláàsì bí òun bá ń ti odò bọ̀, òun sì mọ orin ìsirò wọn lórí. Ó kọ ọ́ fún mi. Ó dé orí ìlọ́po mẹ́sàn-án.

Kì í ṣe pé ọ̀fẹ́ 1955 dé òpin ọ̀nà. Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìkan ló kàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣe. Níyì Ọ̀ṣúndáre, tí wọ́n bí ní Ìkéré ní 1947, àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ ń hun aṣọ. Ó gba Amoye Grammar School àti Christ's School kọjá dé yunifásítì, ó di akéwì tí wọ́n ń kà káàkiri ayé. Orúkọ tí Èkìtì ń jẹ lónìí, pé ọ̀jọ̀gbọ́n pọ̀ lọ́dọ̀ wa bí èrúwà, ọmọ àgbẹ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn. Nígbà tó di 1979, ìjọba Ajásin ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí a wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, sọ ilé ìwé girama di ọ̀fẹ́, wọ́n sì dá yunifásítì sílẹ̀ ní Adó ní 1982. Bàbá mi wà lára àwọn tó jẹ àǹfààní girama ọ̀fẹ́ yẹn. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni ìjọba ran ìdílé tèmi lọ́wọ́. Èmi kì í sọ pé akitiyan wa nìkan ni.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ: "Afẹ́ Babalọlá ńkọ́?" Òótọ́ ni. Ọmọ àgbẹ̀ ní Adó, ìwé mẹ́fà ló kà nínú kíláàsì. Ìyókù, ilé ló ti dá kà á, pẹ̀lú ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ láti ìlú òyìnbó. Ó gba oyè ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ti Yunifásítì London ní 1959, ó di agbẹjọ́rò ní 1963, ó wá kọ́ yunifásítì tiẹ̀ sí Adó. Mo kan sárá sí bàbá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá odò jà tó sì yọ là ló ń wá sọ ìtàn. Àwọn ojúgbà bàbá tí wọ́n tan àtùpà bíi tiẹ̀, tí epo tán, ta ló ń kọ ìtàn tiwọn? Bí a bá ń fi ẹyọ ènìyàn kan na gbogbo ọmọ tálákà ní pàṣán, kò dára.

Ó wá ku ọmọ ọmọ màmá àgbà, ìbátan mi. Nígbà tí a wà ní kékeré, tí mo bá wálé fún ọlidé láti Adó, òun ló ń bá àwọn àgbà ṣírò owó kòkó, ẹ̀rọ ìṣírò kò tí ì jáde lápò kí ó tó dáhùn. Ọdún kan náà la kọ JAMB. Máàkì rẹ̀ kò jìnnà sí tèmi. Ṣùgbọ́n kọ́ọ̀sì tó yàn, wọ́n fẹ́ Physics nínú WAEC, kò sì kọ Physics. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Èmi, bàbá mi gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ mi, ó wọ awò, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní, "Ìwọ, pa èyí rẹ́." Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò pé. Ọ̀nà Àràmọ̀kọ̀ sí Ìkọ̀gòsì ni ìbátan mi ń gbà báyìí pẹ̀lú ọ̀kadà rẹ̀, ẹlòmíràn nínú yín ti lè wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ wo omi gbígbóná láìmọ̀.

Àwọn ìjọba náà máa ń gbàgbé pé irú nǹkan báyìí ni ìdílé ń ṣe. Òfin owó yíyá fún akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí ní June 2023 ní kí ọmọ tálákà mú oníduròó méjì wá: òṣìṣẹ́ ìjọba ìpele kejìlá, tàbí agbẹjọ́rò tó ti lo ọdún mẹ́wàá, tàbí irú wọn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá mọ méjì nínú irú àwọn wọ̀nyí, ṣé òun ló fẹ́ yá owó? Wọ́n tún un ṣe ní April 2024, wọ́n yọ oníduròó kúrò. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, lẹ́yìn oyè, lẹ́yìn NYSC, ta ló lè jókòó sí Èkó oṣù mẹ́fà kó máa wá iṣẹ́? Ẹni tí àbúrò bàbá rẹ̀ ní pálọ̀ tó lè sùn sí. Ẹni tí kò ní, iṣẹ́ tó bá kọ́kọ́ rí ló máa gbà, owó tó bá kọ́kọ́ gbà níbẹ̀ sì ni wọn ó máa fi díwọ̀n rẹ̀ fún ọdún púpọ̀.

Ìdí tí mo fi ń kọ gbogbo èyí nìyí. Ìrànwọ́ owó ìwé tí ẹgbẹ́ wa ń fún àwọn ọmọ, máàkì JAMB nìkan la ń wò. Mo wo orúkọ àwọn tó gbà á láti ìgbà tí mo ti wà ní ipò yìí. Ọmọ tíṣà, ọmọ báńkì, ọmọ pásítọ̀, ọmọ ẹni tó ti wà ní Èkó. Wọ́n yege, wọn kò jí i. Ṣùgbọ́n àwọn tí ọwọ́ wọn kan etí tí kò sẹ́ni tó wò wọ́n, wọn kò sí níbẹ̀.

Nítorí náà, àwa ọ̀dọ́ ti tún fọ́ọ̀mù náà kọ, a sì fẹ́ kí ẹ̀yin àgbà fọwọ́ sí i ní ìpàdé tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé mẹ́ta ṣáájú JAMB, àwa tó wà ní yunifásítì máa jókòó sí gbọ̀ngàn ìlú, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀ kó gbé fóònù rẹ̀ wá kí a jọ wo kọ́ọ̀sì àti sọ́bújẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kò sí owó kankan. Ìbátan mi ti ní òun máa wá, pẹ̀lú ọ̀kadà, láti gbé àwọn tó wà lóko. Lórí fọ́ọ̀mù owó ìwé, a fi ìbéèrè kan kún un: "Ta ló kọ́kọ́ lọ ilé ẹ̀kọ́ gíga nínú ìdílé yín?" Ẹni tó bá kọ "Kò tí ì sí" síbẹ̀, tó sì yege, òun la ó kọ́kọ́ pè.